Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé ìdáhùn ọmọ kí ẹ tó ní ká fi máàkì kún un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta. Inú ń bí mi gan-an ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ohun tí àwa tíṣà lè máa kùn sí ara wa létí lásán.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá ọmọ kan já wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí nílé-ìwé. Wọ́n na fóònù sí mi lójú, wọ́n ń ká mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n sọ fún gbogbo ayé ìdí tí mo fi fún ọmọ àwọn ní 38 nínú Ìṣirò. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò lè wò mí lójú. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé tó kọ jáde, ká jọ wò ó." Wọ́n ní àwọn ò wá wo ìwé kankan, ọmọ àwọn ti ṣàlàyé fáwọn, mo kórìíra rẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí pírínsípà ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá wa dá sí i ni. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Ẹ ṣáà bá wa fi nǹkan kún un, mà, kí ó di 50. Ọ̀gá kan ti pè wá lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀." Ìwé ìdáhùn ọmọ yẹn wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe dúró níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣí i fún ẹ̀yin òǹkàwé. Tẹ́ẹ̀sì gba 40 lọ́dọ̀ wa, ìdánwò gba 60. Ọmọ yìí gba 14 nínú tẹ́ẹ̀sì, ó gba 24 nínú ìdánwò. Nígbà tí mo pín ìwé tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ padà fún wọn, tí mo kọ ọ́ sí abẹ́ tirẹ̀ pé kí ó wá rí mi, kò wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ lé e wá láti ilé. Nínú ìdánwò, ìbéèrè kan ní kí wọ́n wá iye x nínú 2x² – 5x – 3 = 0. Máàkì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà kọ x = 3, ó kọ x = –½, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó tán. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbo ló gbà débẹ̀? Kò pín –5x sí –6x àti +x, kò lo fọ́múlà, kò ya gíráàfù. Òfìfo ni, àfi ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti máàkì Ìṣirò fún WAEC rí mọ̀ pé M ni máàkì ọ̀nà tí a gbà ṣe iṣẹ́, A sì ni máàkì ìdáhùn tó péye. Ẹni tí kò bá fi ọ̀nà hàn, kí ni a fẹ́ gbé A rẹ̀ lé lórí? Ohun tí ìyá rẹ̀ ń pariwo lé lórí gan-an nìyẹn: "Ṣé ìdáhùn ẹ̀ ò tọ̀nà ni?"

Ìbéèrè kan tún wà nínú ìwé kan náà tó fi hàn pé irọ́ ni pé mo kórìíra rẹ̀. Mo ya tábìlì sílẹ̀, nọ́ńbà 2 sí 6 wà níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n jẹyọ lápapọ̀ jẹ́ 20, mo ní kí wọ́n wá mean, ìyẹn ìpíndọ́gba. Ó fi iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹyọ sọ ọ́ di púpọ̀ dáadáa, ó kó o pọ̀, ó rí 84. Dípò kí ó wá fi 20 pín in kí ó rí 4.2, ó fi 5 pín in nítorí pé ìlà márùn-ún ló rí nínú tábìlì, ó kọ 16.8. Nọ́ńbà tó ga jù níbẹ̀ ò ju 6 lọ! Síbẹ̀ mo fún un ní máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún nítorí iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe. Bí ìyá rẹ̀ bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, gbogbo èyí ni ǹ bá fi hàn wọ́n, wọn ì bá sì mọ ohun tí wọ́n máa ní kí ọmọ wọn lọ kọ́. Ó mọ nǹkan, ọmọ yẹn. Ẹni tó máa dẹ́kun ìkánjú, tó máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ síta, ni kò tíì jẹ́.

Èmi nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra nílẹ̀ Ìbàdàn yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba lágbègbè Ẹlẹ́yẹlé sọ fún mi pé ọmọ SS2 kan kó àwọn ẹ̀gbọ́n àdúgbò wá dúró dè é lẹ́nu géètì nítorí Kẹ́mísìrì. Òmíràn tó wà ní ilé-ìwé aládàáni ní Àpáta ní odidi káàdì ọmọ kan ni wọ́n tún kọ lẹ́yìn òun, nítorí pé bàbá ọmọ náà halẹ̀ pé òun máa kó ọmọ òun mẹ́ta kúrò. Wọn ò tilẹ̀ sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n pín káàdì ló rí i pé 41 tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ ti di 65. Ẹ bi àwọn tó ń kọ́ni ní pólì àti ní yunifásítì náà, ẹ ó gbọ́ ti àtẹ̀jíṣẹ́ òru, ẹ ó gbọ́ ti pásítọ̀ àti ti àlùfáà tí wọ́n ń rán wá bẹ̀bẹ̀ máàkì.

Mi ò ní ká máà jiyàn lórí máàkì. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Àwọn ńláńlá náà ń ṣe àṣìṣe, gbogbo wa la sì rí i ní 2025. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọmọ àti òbí figbe ta lórí èsì UTME, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì tí JAMB ń ṣe, JAMB lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé wọn ò ṣe àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn ọmọ láwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Isháàq Olóyèédé tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ọmọ 379,997 ni wọ́n sì ní kó wá tún ìdánwò náà ṣe. Ní oṣù Kẹjọ, WAEC náà yọ èsì wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ló gba kírẹ́dì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀ tí wọ́n rí i pé kódù tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n lò fún ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ti ń yan ìdáhùn (objective), ó di 62.96. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó! Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó tún un ṣe. Wọ́n padà síbi ìwé ìdáhùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí ibi tó ti wọ́. Wọn ò jókòó sínú ọ́fíìsì kí wọ́n ní kí á ṣáà fi nǹkan kún un fún ẹni tó pariwo jù.

Tiwa kọ́ nìyẹn. Tiwa ni pé kí òbí pe ẹnì kan, kí ẹni yẹn pe ẹlòmíràn, kí ẹlòmíràn náà pe pírínsípà. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, tí kò sí èyí tó ti di ṣọ́ọ̀kì mú láti bí ọdún gbọọrọ, àwọn ló ń fi fóònù máàkì ìwé tí wọn ò rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; àwọn ọ̀gá wa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì rárá, wọn ò sì ṣí ìwé. Bí wọ́n bá wá jáde níwájú kámẹ́rà, wọ́n á ní ẹ̀kọ́ ti ń wó lulẹ̀, wọ́n á ní àwọn tíṣà ò ṣiṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ tí a ṣe kọ́ ni wọ́n ní kí a parẹ́?

Ẹni tó bá ń gbé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2016 á rántí ìgbà tí ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí ní ọmọ tí kò bá yege ò ní lọ sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e mọ́. Inú bí àwọn ọmọ kan, wọ́n dojú ilé-ìwé bolẹ̀ láwọn ìlú kan. Nígbà yẹn, ohun tí gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí ni bóyá òfin náà dára tàbí kò dára. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àwọn ọmọ yẹn rí ìwé tí wọ́n fi já wọn kulẹ̀ sójú rí? Ọmọ tó gba káàdì lásán, tó rí nọ́ńbà lásán lórí rẹ̀, ohun tó máa rò ni pé ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ṣe òun níkà.

Ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí mo rò pé ó máa tán ìṣòro yìí. Kí ìjọba pàṣẹ ọjọ́ ìwé ìdáhùn ní gbogbo ilé-ìwé girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Lẹ́yìn tí a bá ti máàkì tán, kí a tó kọ ohunkóhun sórí káàdì, kí tíṣà kọ̀ọ̀kan pín ìwé ìdáhùn padà fún àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Kí ó kọ bí máàkì ṣe pín sórí bọ́ọ̀dù, ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn: ti ọ̀nà, ti ìdáhùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bírò ka máàkì tirẹ̀, kí ó ṣírò rẹ̀ pọ̀, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó kọ nọ́ńbà ìbéèrè tó ń jiyàn lé lórí àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ó mú un wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí a wá kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún tíṣà mìíràn tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn ní ilé-ìwé tó wà nítòsí, kí a bo orúkọ ọmọ, kí a bo máàkì tí tíṣà àkọ́kọ́ fún un. Èyí tí ẹni yẹn bá fún un ni ká kọ, ìbáà lọ sókè, ìbáà wá sílẹ̀. Bí máàkì ọmọ bá yí padà lórí káàdì, kí ìwé wà tó sọ ẹni tó yí i padà àti ìdí, kí ó sì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ rí ọ̀gá tó máa pè lórí fóònù kí ó sì gbà láti fọwọ́ sí ìyẹn.

Ní ọjà Bódìjà, bí oníbàárà bá ní kọ́ńgò ẹ̀wà òun ò kún, ẹlẹ́wà á dà á padà, á tún un wọ̀n lójú rẹ̀, lójú àwọn tó dúró tì wọ́n. Kò sí bàbá ọlọ́jà tó máa jókòó sílé kí ó ní kí wọ́n ṣáà bu sí i. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà kan máa bínú sí mi, wọ́n á ní mo fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Lóòótọ́, ẹni tó ní ọmọ tó lé ní 70 nínú kíláàsì kan, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì máàkì lóru nítorí pé kò sí iná, ó ti ń jìyà tó. Àmọ́ ọjọ́ kan péré ni. Àwọn míì lára wa sì wà tí wọ́n ń bẹ̀rù ọjọ́ yẹn nítorí pé wọn kì í ka ìwé ọmọ tán kí wọ́n tó fi máàkì sí i, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé owó tàbí ohun tó burú ju owó lọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. Kí àṣírí irú wọn tú. Àwọn ló bà wá lórúkọ jẹ́ tí ìyá ọlọ́mọ fi lè wọlé wá na fóònù sójú ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà máa kìlọ̀ fún àwọn òbí pé ọ́fíìsì pírínsípà ni ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ sùn, kì í ṣe inú kíláàsì. Kí wọ́n gba tíṣà kún tíṣà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, 38 jẹ́ F9, ìyẹn ìjákulẹ̀, lọ́dọ̀ WAEC, 50 jẹ́ C6, ìyẹn kírẹ́dì. Èyí tí wọ́n ní kí n fi bírò kan ṣoṣo gbé ọmọ fò kọjá nìyẹn. Ọdún tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa jókòó fún ìdánwò WAEC, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò mọ ìyá rẹ̀, tí ọ̀gá kankan ò sì ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ló máa máàkì ìwé rẹ̀. Ta la máa wá pè nígbà náà?

Mi ò fi nǹkan kan kún máàkì ọmọ yẹn, mi ò sì ní fi kún un láìjẹ́ pé ẹnì kan ka ìwé rẹ̀ kí ó sì fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí. Táàmù kẹta, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí kíláàsì tuntun, ti dé tán. Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ wọn fi ìwé àṣẹ ọjọ́ ìwé ìdáhùn ránṣẹ́ sí àwọn pírínsípà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ti SS2 bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Ìṣirò kan,
Mọ́lété, Ìbàdàn.