Gómìnà tó ń rẹ́rìn-ín lórí tábìlì mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìròyìn ni mò ń tà ní Àbújá níbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà ní Area 1, Garki, níbi tí wọ́n ti ń pín ìwé ìròyìn, kí n tó kó tèmi lọ sídìí tábìlì mi ní Nyanya.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìwé mẹ́rin lórí tábìlì náà jọra bí ìbejì: gómìnà kan, agbádá funfun, ẹ̀rín músẹ́, látòkè délẹ̀ ojú ewé kìn-ín-ní. Ìpolówó tí wọ́n sanwó fún ni, ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń bá a ṣe. Màláàmù kan wà, fírí-rídà ni, kì í rà, ojoojúmọ́ ló ń wá kà. Ó wò ó títí, ó ní, “Baba, gwamnan ya mutu ne?” Ó rò pé ọkùnrin náà ti kú ni! Ẹ̀rín pa mí. Ẹ má bínú, ìwé tiyín wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń dá ọkọ̀ ìwé ìròyìn dúró káàkiri, tí wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi kó nǹkan eléwu, tábìlì mi ṣófo títí ọ̀sán. Gbogbo ayé ló pariwo. Ta ló fẹ́ pariwo lórí gómìnà tó ń rẹ́rìn-ín?

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà dí ojú àgbàrá àdúgbò wa pa. Òjò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀dì ń léfòó. Akọ̀ròyìn kan, ọmọdé ni, bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi yẹn, ó ya fọ́tò, ó kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀. A retí, retí. Lọ́sẹ̀ kejì ni ilé iṣẹ́ náà gba ojú ewé méjì gbáko nínú ìwé ìròyìn tí ọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́, ó ní ká wá ra ilé. Èmi náà ni mo tà á. Mo pe ọmọ náà, ó ní, “Bàbá, ọ̀gá ní kí n fi sílẹ̀.” Wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé owó tí àwa ń pa wá fún yín kò lè ra bébà. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ bébà Oku Iboku ti dẹnu kọlẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. N ò ní kí ẹ má gba ìpolówó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ “Ìpolówó” gàdàgbà sí i lórí, kí ẹni tó sanwó ojú ewé má sì rò pé òun ti ra akọ̀ròyìn mọ́ ọn.

Ọmọ yẹn fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, ó ṣì wà lórí fóònù mi. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ pè mí. Omi ṣì ń wọlé.

Èmi ni tiyín,
Oníwèé ìròyìn, Nyanya, Àbújá