Nígbà Tí Ẹ Bá Dúró Tí Ẹ Ń Gbàdúrà

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọ̀rọ̀ ìkórè ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti pa á tì, yóò dìgbà mìíràn. Láti òru ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn kan nínú wa fi àdúrà ju òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn níbi ìṣọ́ òru, ni Máàkù orí 11 kò ti jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹsẹ 24 ni gbogbo wa mọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa lè kà á lórí: “Ohunkóhun tí ẹ̀yin bá tọrọ nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ gbàgbọ́ pé ẹ ti rí wọn gbà ná, yóò sì rí bẹ́ẹ̀ fún yín.” A kọ ọ́ sára ògiri, a kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Jésù kò tíì pa ẹnu dé tó fi ní: “Nígbà tí ẹ̀yin bá sì dúró tí ẹ ń gbàdúrà, ẹ dárí jì, bí ẹ̀yin bá ní ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni.” Kò ní kí ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Kò ní kí ẹ dúró dìgbà tí onítọ̀hún bá wá dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀. Lórí ìdúró àdúrà yẹn gan-an ló ti ní kí ẹ tú u sílẹ̀, kí Baba yín lè dárí ji ẹ̀yin náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí: “Bàbá, ṣebí Jésù náà fi igi ọ̀pọ̀tọ́ bú nínú orí yìí kan náà?” Bẹ́ẹ̀ ni. Igi ló fi bú. Nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná ọ̀run lé àwọn ará Samáríà tí kò gbà wọ́n sílé lórí, ó yíjú padà, ó bá wọn wí (Lúùkù 9). Ẹ tún wo ibi tí Máàkù gbé ọ̀rọ̀ igi náà sí. Lọ́jọ́ kan ó bú u, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n bá a tó ti gbẹ láti gbòǹgbò, àárín méjèèjì yìí ló ti wọ tẹ́ḿpìlì, tó da tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó nù, tó ní ilé àdúrà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni a ó máa pe ilé òun. Igi tó ní ewé tí kò léso, ilé tí àdúrà ń dún nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ihò olè. Lójú tèmi, Máàkù mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ọ̀pọ̀tọ́ gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá òun kọ́ ni igi ọ̀hún.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n pẹpẹ Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí a ti ń ju òkò ọ̀rọ̀ lu ara wa. Bí o bá ń pariwo “Olúwa, gbogbo ẹni tó ń dìtẹ̀ mọ́ mi,” tí o sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹnì kan, Olúwa kọ́ lò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe “Àmín” tí páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí, tó sì mọ ẹni tí òkò náà ń bá, òun náà ti jù ú. Èyí tó tún gbé e sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ló rán ọ níṣẹ́? Sáàmù 109, sáàmù ègún, tí ẹ ń pín kiri, ta lẹ fẹ́ kà á lé lórí? Ẹni tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan?

Ní 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn bàbá wa kó oògùn wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Àwa ọmọ wọn wá ń pe Sáàmù bí ẹni ń pe ọfọ̀.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí àdúrà kò fi gbà bíi tàtijọ́. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Olódodo ń gbàdúrà, ọmọ rẹ̀ sì ń kú. Mo ti dúró létí irú ibojì bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ 25 lọ sílé ọ̀fọ̀ láti fi wá ẹ̀bi. Ara tiwa ni kí a fi wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi Jóòbù tù yín nínú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìfọhùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé, ẹ̀sùn lórí ẹ̀sùn. Síbẹ̀, ìgbà tó gbàdúrà fún àwọn ọ̀rẹ́ yìí kan náà ni OLÚWA yí ìgbèkùn rẹ̀ padà (Jóòbù 42:10). Kò tíì rí ẹyọ àgùntàn kan gbà padà nígbà tó ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò burú tó bí inú ṣe ń bí yín. Nínú ìjọ yìí ni mo ti rí ẹni tó sùn sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn nítorí ọmọ ẹlòmíràn. Ìfẹ́ yẹn kò tíì kú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé mi ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ìyá Ìjọ ní òun á dín àkàrà. Ẹ wá, ẹ má kó ẹlẹ́rìí wá.

Àyè ti ń tán, akọ̀wé sì ní kí n má gbàgbé ìkéde. Tábìlì Olúwa di Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀; kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn sí arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀ lọ rí i kí ọjọ́ náà tó pé. Kò sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí oníkálukú gbàdúrà nílé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìkórè yóò pàdé lẹ́yìn ìsìn òní, kí wọ́n má pẹ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó dá a padà fún akọ̀wé kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó dé, torí wọ́n ní ìdánrawò.