Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní kògbóògùn mọ́

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Irú, káún àti ata gbígbẹ ni mò ń tà ní Ìlọrin níbí, bébà ìròyìn àtijọ́ ni mo sì fi ń wé káún fún oníbàárà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo fẹ́ wé káún igba náírà fún ìyá àgbà kan ni ojú mi bọ́ sórí àkọlé gàdàgbà kan nínú ìwé ìròyìn yín tó pe HIV ní “àrùn kògbóògùn”. Mo ká bébà náà sábẹ́ ìjókòó mi, mo fa òmíràn yọ.

Láti ọdún 2011 ni mo ti ń lo oògùn HIV. Oyún àbígbẹ̀yìn mi ló wà nínú mi nígbà náà, àyẹ̀wò aláboyún ló sì gbé e jáde. Mo lo oògùn títí mo fi bímọ, wọ́n sì fún ọmọ náà ní oògùn olómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un, kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà báyìí, ó sì ga jù mí lọ. Èwo ni kò gbóògùn nínú ìyẹn?

Mi ò ní kí ẹ sọ pé ó ní àwòtán. Kò tíì ní. Hóró kan lóòjọ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò ní àwòtán, ìtọ̀ ṣúgà náà bẹ́ẹ̀, oògùn sì ni àwọn tó ní wọn fi ń gbé ayé. Ta ló ń pè wọ́n ní kògbóògùn?

Mo mọ bí orúkọ náà ṣe wọ̀ wá lára. Nígbà tí Fẹlá kú lọ́dún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ pé éèdì ni, jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. Ọwọ́ tálákà kò tó oògùn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ni ìjọba ti ń fún wa ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn dé, orúkọ náà kò lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ máa ń pàdé níbi tí a ti ń gba oògùn. Ọ̀nà Òmù-Àrán ló ti ń wọkọ̀ wá sí Ìlọrin, kí ará ìlú rẹ̀ má baà rí i lórí ìlà. Inú ike ni oògùn wa máa ń wà, bí ẹ bá sì gbé e sínú báàgì, gbogbo ìgbésẹ̀ yín ni yóò máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki òwú sínú ike. Á já òwú díẹ̀, á kì í bọ̀ ọ́, á gbọ́n ike náà sétí. Bó bá ṣì ń dún, á tún já díẹ̀ sí i. Ìgbà tí kò bá dún mọ́ ló tó máa gbé báàgì kọ́ èjìká.

Ó di oṣù kan, mi ò rí i. Ó di oṣù karùn-ún. Nígbà tó máa fi yọjú, aṣọ tó ń bá a lára mu tẹ́lẹ̀ ti ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ìyá, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé kògbóògùn ni. Bí kò bá gbóògùn, kí ni mo wá ń lò ó fún?” Wọ́n dá a padà sórí oògùn, ṣùgbọ́n ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Kò rí ìparí ọdún náà.

Nínú ilé tèmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin mọ̀. Nínú ààwẹ̀, bí gbogbo wọn bá yí àwo kan ká láti ṣínu, abọ́ ike kan tó ní àwọ̀ ewé ni tèmi, ọ̀tọ̀ ni mo sì máa ń fọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í gba inú oúnjẹ ranni. Mo ní àyẹ̀wò kò tilẹ̀ rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, àti pé ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, tí kò fi oògùn rẹ̀ ṣeré, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, áńbọ̀ńtorí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Wọ́n ní, “Ìyàwó, a ò kórìíra rẹ o. Àmọ́ kògbóògùn ni wọ́n ń pè é.”

Láti ọdún 2014 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà wá sọ́tọ̀ nítorí kòkòrò yìí. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá mi jókòó nídìí àwo ìṣínu. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín lè dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọjọ́ éèdì lágbàáyé, kì í pẹ́ dé, ẹ ó sì tún kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní HIV, bó ṣe ń jẹ́. Bó bá jẹ́ tiwa ni, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó ń lo oògùn HIV.

Ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò ríran kàwé mọ́, èmi ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín fún wọn. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí, n ó kà á sí wọn létí látòkè délẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Ìyá Oníkáún,
Ìlọrin.