Sí Fúnkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ àwòrán ẹ̀fẹ̀ Tèmi

Ìbàdàn

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Tèmi ńkọ́? Ṣé òtútù Leeds ò tíì sọ yín di yìnyín? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Kò tún sẹ́ni tó ń gbọ́ òfófó tó sì ń pa á mọ́nú bíi tìẹ. Kí n tètè da èyí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀: Màmá Ìbejì ti kó kúrò ní Mọ́kọ́lá, Ṣẹ́gun ti gbéyàwó (bẹ́ẹ̀ ni, Ṣẹ́gun tá a mọ̀ náà ni), iná ò sì yàtọ̀ sí bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ó tó. Ọ̀rọ̀ Tèmi ọmọ rẹ ni mo bá wá.

Mo ti wo ìwé ìdánwò History rẹ̀ tó o ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ìbéèrè orí àwòrán ẹ̀fẹ̀ yẹn. Máàkì 1 nínú 4! Má bá ọmọ jà o. Ohun tó kọ kì í ṣe irọ́: ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti òkúta, ó ń mu sìgá, afárá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àárín rẹ̀ ṣófo. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì náà lójú, ó ti rí ọkùnrin, ó ti rí sìgá. Ohun tí wọ́n bi í ni pé àwòrán yìí ń bu ẹnu àtẹ́ lu Amẹ́ríkà, báwo lo ṣe mọ̀? Tèmi ò sọ bó ṣe mọ̀. Ó ka ohun tó wà nínú àwòrán bí ẹni ka ẹrù ọjà, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Àwòrán yẹn, Leonard Raven-Hill ló yà á, ó jáde nínú Punch, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe Punch tiwa), ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1919. Belgium àti France wà lápá kan afárá, England àti Italy wà lápá kejì. Òkúta tó yẹ kó wà láàárín ni Uncle Sam, ọkùnrin tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ Amẹ́ríkà, fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kọ USA sára òkúta náà. Wàyí o, pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ààrẹ Amẹ́ríkà ló ṣètò afárá League of Nations yìí (Líìgì, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní kí ogun má bàa tún ṣẹlẹ̀). Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ẹni tó ní ká kọ́ afárá, ará ilé rẹ̀ ló fi òkúta afárá ṣe ìrọ̀gbọ̀kú. Ọmọ tí kò bá ka pátákó yẹn yóò kọ pé Amẹ́ríkà ò sí nínú Líìgì, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ọmọ tó bá kà á yóò rí i pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi Amẹ́ríkà ṣe.

Ó ṣeé ṣe kí Tèmi má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú afárá olókùúta tó tẹ̀ bí ọrun bẹ́ẹ̀. Òkúta àárín ni wọ́n ń fi sí i kẹ́yìn, òun ló sì ń fún ìyókù pọ̀ tí wọn ò fi ní ya lulẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó ku ẹnì kan kí ẹgbẹ́ pé. Ohun tí ayàwòrán ń sọ ni pé láìsí Amẹ́ríkà, Líìgì ò ní dúró rárá. Tó bá kọ èyí, ó ti kúrò ní máàkì 1.

Ibi tó dùn mí jù ni ìsàlẹ̀ ìdáhùn rẹ̀, níbi tó ti mú Manchuria tí Japan gbógun wọ̀ ní 1931 àti Abyssinia (Ethiopia) tí Italy gbógun wọ̀ ní 1935, tí Líìgì ò lè dá wọn dúró, wọlé láti fi jẹ́rìí. Fúnkẹ́, Líìgì fúnra ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ya àwòrán yìí! Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1920 ló bẹ̀rẹ̀. Raven-Hill kì í ṣe babaláwo. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 1919, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn Versailles tí wọ́n fi parí ogun pẹ̀lú Jámánì, Líìgì sì wà nínú àdéhùn yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni àwòrán jáde. Gbólóhùn kan báyìí ló yẹ kó kọ, kó fi 1931 sílẹ̀ fún ìbéèrè mìíràn.

Sọ fún un pé kó má sáré wo àwòrán. Kó kọ́kọ́ ka déètì, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù yẹn, kó wá ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, títí kan èyí tó kéré bí ẹyin iná. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kó wá wò ó pé ta ni wọ́n yà tóbi, ta ni wọ́n fi ṣẹ̀sín, ta ló ń jìyà. Tó bá fẹ́ kọ ìdáhùn, kó fi èrò ayàwòrán ṣáájú: ‘Ayàwòrán yìí ń bẹnu àtẹ́ lu Amẹ́ríkà, torí pé…’ Kó mú ohun kan nínú àwòrán, kó mú ohun kan nínú ìtàn, kó so méjèèjì pọ̀. Ìlà márùn-ún sí mẹ́fà ti tó. Wákàtí 2 ni wọ́n fún wọn fún máàkì 84, nítorí náà ìbéèrè máàkì 4 ò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Odindi ojú ewé ló kọ! Ó jọ ìyá ẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gún ló tún máa ń mú wọn. Nínú èyí tí David Low yà sínú Evening Standard, ìwé ìròyìn London, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1939, Hitler ti Jámánì àti Stalin ti Soviet ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba fún ara wọn. Àwọn ọmọ á kọ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ báwo? Wọ́n ń fi fìlà kí ara wọn, wọ́n ń fi ẹnu bú ara wọn: ọ̀kan pe èkejì ní pàǹtírí ayé, èkejì pè é ní apààyàn tó ń pa òṣìṣẹ́. Òkú Poland ló sì wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ọmọ ogun Stalin wọ Poland.

Kó má sì gbà pé ohun tí ayàwòrán ń rò náà ni oníwèé ìròyìn ń rò. Lord Beaverbrook tó ni Evening Standard fara mọ́ bí Chamberlain, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń tu Hitler lójú, Low sì ń fi Hitler ṣẹ̀sín nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ti Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀ ní Lash, yàtọ̀: West African Pilot tí Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937 ló ń yà á fún, ọ̀tá kan náà ni wọ́n jọ ń bá jà, ìjọba amúnisìn. Kò sí nínú ìdánwò Tèmi o, ṣùgbọ́n fi hàn án. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni bàbá ẹ̀.

O ní ó fẹ́ fi History sílẹ̀. Àbí ìwọ lo fẹ́ kó fi í sílẹ̀? Mo mọ̀ ẹ́ o, látìgbà Bódìjà. Ẹsẹ̀ tó o ní ó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìgbà tí mo bi ọ́, ọ̀rọ̀ máàkì lo fi dá mi lóhùn. Má fi ìdánwò ọmọ bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, lọ rí dókítà.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fún ìdánwò Cambridge níbí, fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì la fi ń ya àwọn àwòrán wọ̀nyí, dúdú ló ń jáde. Pátákó tí mo ń sọ yẹn, bó o bá fi awò wò ó, o ò ní rí lẹ́tà kan níbẹ̀. Bá mi wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù fún àánú, bóyá o lè rí ìwé History GCSE (irú ìdánwò tí Tèmi ń ṣe yẹn) méjì tàbí mẹ́ta tó ní 1918 sí 1939 nínú. Má ra tuntun, owó ẹ̀ ga jù. Kó o tó sanwó, ṣí i wò bóyá wọn ò ti ya ojú ewé tó ní àwòrán lọ. Tí Bàbá Tèmi bá ń bọ̀ ní Kejìlá, kó kó wọn sísàlẹ̀ àpótí, kó má sì fún ẹnikẹ́ni yá lọ́nà.

Kí Tèmi fún mi o. Kó tún èyí tó kọ yẹn kọ, kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, màá máàkì í.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyábọ̀