Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ wo ẹyẹ ní Gánà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé amọ̀nà yín máa mú yín gba igbó ọba Kakum lọ sí abúlé Bonkro. Inú mi dùn gan-an. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti awò olójú méjì, torí òun ló ń tètè dá àlejò lágara. 8x42 ni kí o mú: ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 8, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42. Bí wọ́n bá fi oní-10 lọ̀ ọ́, má gbà. Afárá orí igi ní Kakum máa ń mì, bí awò bá sì ṣe ń sún nǹkan mọ́ni tó ni gbígbọ̀n ọwọ́ ṣe ń hàn tó. Di ojú ọ̀tún, kí o yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ojú òsì á fi ríran kedere. Lẹ́yìn náà, di tòsì, kí o yí òrùka tó wà níbi ojú ọ̀tún. Má fọwọ́ kan ti àárín mọ́. Bí o bá rí ẹyẹ, má wolẹ̀ wá awò. Tẹjú mọ́ ọn, kí o gbé awò wá bá ojú. Bí awò bá sì sun yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, kùrukùru á bo gíláàsì rẹ̀ nínú igbó. Tètè gbé e síta kó gba ooru.

Afárá 7 ni wọ́n so mọ́ igi ní Kakum ní 1995, ibi tó ga jù tó bíi mítà 40. Orí pèpéle tó yí igi ká ni kí o dúró sí, ó kéré tán wákàtí kan. Àwọn ẹyẹ òkè igi máa ń jẹun kiri lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹni tó bá ń rìn á pàdánù wọn. Ẹ bẹ amọ̀nà kó ṣètò ìwọlé ní kùtùkùtù, kí èrò àti ariwo tó dé.

Lọ́sàn-án, ẹyẹ á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ sí ilé olódi Elmina, tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1482. Fi awò sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ ni. Etí là ń gbé lọ síbẹ̀.

Bonkro ni ọkàn mi wà jù. Ẹ ó gun òkè díẹ̀ nínú igbó, dé abẹ́ àpáta tó yọ síta bí òrùlé. Wo ara àpáta náà dáadáa: ìtẹ́ alámọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, bí ìdajì abọ́. Òjò kò gbọ́dọ̀ kàn án, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ náà, Picathartes, kò fi lè gbé ibi tí kò bá sí irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n tó tún rí i ní Gánà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ̀ wá sùn, nítorí náà ẹ ti jókòó láti nǹkan bí aago mẹ́rin. Má wọ funfun, má tan iná kámẹ́rà. Má fi fóònù ṣe ohùn rẹ̀ rárá: ó lè rò pé ẹlòmíràn fẹ́ gba ilé òun, kó sì fi ẹyin sílẹ̀. Bó bá dé, kò ní pariwo. Wàá kàn rí i tó ń tọ láti orí òkúta kan sí èkejì, orí rẹ̀ pá, ó yẹ́lò, pẹ̀lú àmì dúdú roboto lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá dé igbó ọba Mole lápá àríwá, wá àlùkò tó losùn. Osùn orí rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí. Ti ìyẹ́ kì í hàn àfi bó bá fò, nítorí náà má tètè gbójú kúrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ