Oyè Asano, ipò Kira

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn pé ẹ ti fìdí kalẹ̀ sí Tokyo. Ìbéèrè tó o bi mí gbà mí lọ́kàn púpọ̀: kí ló dé tí Asano, olúwa ilẹ̀ Ako ní Japan láyé àtijọ́, fi ń jẹ́ Takumi no kami, oyè olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ààfin, nígbà tó jẹ́ pé jagunjagun ni?

Iṣẹ́ gidi ni oyè yẹn láyé ìgbà tí ọba Kyoto ń ṣàkóso fúnra rẹ̀. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn sámúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun, iṣẹ́ inú rẹ̀ tán, iyì rẹ̀ ò tán. Lórúkọ ọba ni wọ́n ń jẹ ẹ́, àmọ́ ṣógùn, olórí àwọn sámúráì tó ń ṣàkóso ìlú, ló ń pinnu ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní 1184, sámúráì kan tó ń jẹ́ Yoshitsune gba oyè lọ́wọ́ ààfin láìgba àṣẹ Yoritomo, ọbàkan rẹ̀ tó jẹ́ olórí rẹ̀. Inú bí Yoritomo gidigidi, ó sì wà lára ohun tó sọ wọ́n di ọ̀tá. Nígbà tó di 1615, ìjọba àwọn ṣógùn ìdílé Tokugawa ṣòfin pé kí wọ́n má ka oyè sámúráì mọ́ ti àwọn ìjòyè ààfin.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ìrẹsì tí wọ́n kà sí ilẹ̀ Asano lọ́rùn lọ́dún lé ní 50,000 koku, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí olúwa kan ṣe lówó tó. Kira, ìjòyè ṣógùn tó ń tọ́ Asano sọ́nà nípa ètò gbígba àwọn ìránṣẹ́ ọba lálejò, ò ní ju 4,200 lọ. Síbẹ̀ ipò kẹrin láàfin ọba ni Kira wà, ó ga ju Asano lọ, tó wà ní apá ìsàlẹ̀ ipò karùn-ún. Lọ́jọ́ tí àwọn ìránṣẹ́ ọba wá sí ààfin ṣógùn ní Edo, ìyẹn Tokyo òní, ní 1701, aṣọ onípò karùn-ún ló wà lọ́rùn Asano: àmì ìdílé rẹ̀ tóbi lára rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ gùn kọjá ẹsẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Tòun taṣọ yẹn ló fa idà kékeré yọ, tó ṣá Kira. Wọ́n ní kó pa ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Wọn ò fìyà kankan jẹ Kira. Èmi ò gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa, torí àṣà wọn ni pé ẹni méjì tó bá jà, méjèèjì ló ń jẹ̀bi.

Tó o bá ráyè, jọ̀ọ́, dé Sengakuji, tẹ́ńpìlì Búdà ní Tokyo, níbi tí wọ́n sin Asano sí pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó pa Kira láti gbẹ̀san ikú rẹ̀. Orúkọ tí ẹlẹ́sìn Búdà fún un lẹ́yìn ikú ní oyè gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn nínú, wọ́n tún fi ipò karùn-ún rẹ̀ kún un. Bá mi ya fọ́tò ibojì náà, kó o sì tètè fi ránṣẹ́. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí