Nítorí Ẹyẹ Ìbàdàn Tí Àwọn Àlejò Ń Wá Wò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn kan ń pè ní ìwà wèrè, ìyẹn ni kí ènìyàn gbéra láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó tún fara da ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítorí àtiya fọ́tò ẹyẹ kékeré kan ṣoṣo. Èmi kò rí wèrè níbẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń wá yìí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́, Elgood tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó padà di Yunifásítì Ìbàdàn ló sì kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní 1958. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa fòò, ṣùgbọ́n òun kì í pariwo lórí ọ̀pẹ ojú títì bí ẹ̀gà. Òkè igi inú igbó ló ti ń wá oúnjẹ, àwọn mìíràn tó jọ ọ́ sì wà nínú igbó kan náà, èyí tó mú kí fọ́tò rẹ̀ ṣòro yà.

Igbó inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, apá tí wọn kò dáko sí nínú ilẹ̀ náà ti di igbó kìjikìji, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bíi hẹ́kítà 350 péré ni. Níta ọgbà, pákó, èédú àti ilé ló ń gba ilẹ̀. Lójú tèmi, odi ọgbà yẹn ń ṣọ́ ẹyẹ náà ju òfin ìjọba èyíkéyìí lọ.

Ní àbàtà Mabamba ní Uganda, nígbà kan rí, àwọn apẹja a máa pa ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní shoebill, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá rí i kò ní rí ẹja pa lọ́jọ́ náà. Lónìí, àwọn apẹja ibẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lọ wò ó, tí wọ́n sì ń gbowó. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún nìyí: kí wọ́n bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí igbó díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa mú àlejò wọ igbó, kí owó náà sì dé ọwọ́ abúlé fúnra rẹ̀. (Ọdẹ wa kò nílò ìwé kankan kí ó tó mọ ohùn ẹyẹ.)

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn ayàwòrán rò, àlejò àti ọmọ onílé. Àwọn kan nínú wọn a máa fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jáde nínú igbó, kí akọ lè rò pé òmíràn ló wọ ilẹ̀ òun, kí ó sì fò súnmọ́ kámẹ́rà. Bí ó bá jẹ́ àsìkò tí wọ́n ń tọ́ ọmọ, akọ náà á fi ìtẹ́ sílẹ̀ láti wá bá fóònù jà. Kí ọdẹ tó bá ń mú wọn kiri ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́ fún wọn.

Bí àyè bá gbà yín, Olóòtú, ẹ bá wa tẹ fọ́tò ẹyẹ náà jáde ní aláwọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni kò tíì rí i rí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.